Èsì Méje Tí Lọ́yà Ò Rán

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kẹsàn-án

Àlejò tó kẹ́yìn lọ lánàá. Àwọn tó yá wa ní àga ti wá kó o, wọ́n sì gbàgbé méjì. Ilé ìwòsàn rán ọkọ̀ wá gbé bẹ́ẹ̀dì wọn. Ojú ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà ṣì jìn wọnú kápẹ́ẹ̀tì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbo ó, kò dìde. Ọdún mẹ́ta àti oṣù méjì ni àìsàn náà gbà. Òní ló pé ọjọ́ mẹ́rìnlélógún tí ọkọ mi kú. Ó rẹ̀ mí débi pé n kò lè tọ́ka sí ibi tó ń dùn mí.

Lẹ́tà dé láti kóòtù gíga. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù yìí, àwọn adájọ́ àti agbẹjọ́rò yóò jókòó nínú aṣọ iṣẹ́ wọn láti ṣèrántí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí ẹnì kan fèsì lórúkọ ẹbí, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti pín iṣẹ́ kí n tó ka lẹ́tà náà tán: òun ni yóò kọ ọ́, èmi ni n ó kà á.

Ọjọ́bọ̀, 5

Mo lọ sí ọ́fíìsì Lọ́yà. Àkọlé ẹnu ọ̀nà ṣì ń dán. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni ọmọbìnrin wa nígbà tó ṣàkíyèsí pé gbogbo ayé ń pe bàbá rẹ̀ ní Lọ́yà, tó sì kọ̀ láti pè é ní Dádì mọ́. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó pè é ní nǹkan mìíràn nínú ilé, èmi náà kọ́.

Akọ̀wé rẹ̀ ti to fáìlì mẹ́tàlélógójì sílẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi bá a ṣiṣẹ́. A gbọ́dọ̀ dá fáìlì kọ̀ọ̀kan padà fún ẹni tó ni ín kó tó di ìparí oṣù, nítorí onílé ọ́fíìsì náà ń dúró de kọ́kọ́rọ́.

“Mà, ẹ wá wo nǹkan,” ó ní.

Ó gbé fáìlì aláwọ̀ ewé kan jáde. Gbogbo èsì tó ti yàrá àìsàn wá sí ọ́fíìsì ló wà níbẹ̀, ó ti tò wọ́n bí ọjọ́ wọn ṣe tẹ̀ léra.

“Mi ò ju ẹyọ kan nù. Mo fẹ́ ka díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ́jọ́ ìrántí yẹn, tí ẹ bá gbà mí láyè. Kí wọ́n mọ irú ọpọlọ tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn.”

Ọwọ́ mi ni wọ́n fi kọ gbogbo wọn. Ó mọ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Lọ́yà ń gbọ̀n, ó ń sọ, mò ń kọ; ètò tí a ṣe nìyẹn. Mo ní kí a kọ́kọ́ parí fáìlì.

Ọjọ́ Ẹtì, 6

Fáìlì mẹ́wàá lọ. Gáàsì tán lórí tíì, wọ́n sì ti fowó kún un. Mo mu omi tútù.

Ọjọ́ Ajé, 9

Ìyá Abẹ́rẹ́ wá kí mi. Òun ló ń rán aṣọ dúdú fún ìdajì àwọn agbẹjọ́rò ìlú yìí, òun ló sì rán ti Lọ́yà láti ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tó ọdún mẹ́fà tó fi jù mí lọ. Ó jókòó, ó wo ibi tí bẹ́ẹ̀dì wà.

“Ó ti sá lọ, àbí? Ó máa ń sọ pé lọ́jọ́ kan òun máa sá fún mi. Ó ní mo fẹ́ràn àtidín aṣọ òun jù.”

A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló wá béèrè: “Ẹjọ́ ṣọ́ọ̀bù mi tí Lọ́yà gbé lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìgbà wo ni wọ́n máa pè wá? Ọmọ onílé ti wá wọn fèrèsé mi.”

“Kí ló ń wọn fèrèsé fún?”

“Ó ní bàtà lòun máa tà níbẹ̀. Mo ní kó wọn ẹsẹ̀ ara ẹ̀ ná.”

Mo ní n ó bi akọ̀wé. Nígbà tó lọ tán, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yàrá. Ìdájọ́ náà wà lábẹ́ ìbọ̀sẹ̀ Lọ́yà, nínú àpò ìwé tí akọ̀wé fi gbé e wá. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹfà. Adájọ́ ní ṣọ́ọ̀bù náà kì í ṣe ti Ìyá Abẹ́rẹ́, nítorí pé rìsíìtì tí bàbá ọmọ onílé náà fún un nígbà tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní òǹtẹ̀.

Mo rántí ọjọ́ tó dé. Dókítà ti kìlọ̀ pé ohunkóhun tó lè já a láyà kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá yẹn. Mo ní kí ara rẹ̀ le díẹ̀ ná. Mo wá kọ èsì sí akọ̀wé: “Ọ̀rọ̀ náà ti wà lọ́wọ́ mi. Sọ fún Ìyá Abẹ́rẹ́ kó máa rán aṣọ rẹ̀ lọ.” Akọ̀wé jíṣẹ́. Ara Lọ́yà kò le.

Mo yẹ ìwé ìrántí mi wò láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ló sọ ohun tí mo kọ fún un gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, kò lè di ọ̀rọ̀ mú mọ́. Síbẹ̀ èsì méje ló jáde láti yàrá yẹn. Èmi ni mo kọ méjèèje láti inú ara mi. Mẹ́fà jẹ́ ohun kékeré: ìkíni, àwàdà, “ẹ ní sùúrù.” Mo fẹ́ kí àwọn èèyàn ṣì máa gbúròó rẹ̀. Èyí tó kan ìdájọ́ yìí nìkan ni òfin dá ọjọ́ fún.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10

Mo lọ bá Ìjì ní ọ́fíìsì rẹ̀. Lọ́yà ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́dún tó ń kọ́ṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀, nítorí pé ìwé orí tábìlì máa ń fò tó bá wọlé. Ó ka ìdájọ́ náà lórí ìdúró.

“Ta ló gbé e lọ sí kò-tẹ́-mi-lọ́rùn?”

“Kò sẹ́ni tó gbé e lọ.”

“Ṣebí akọ̀wé ní Lọ́yà ní—”

“Lọ́yà ò rí i. Mi ò fi hàn án.”

Ó jókòó. Kò bá mi wí, èyí tó burú jù. Ó fa kàlẹ́ńdà, ó ń fi ìka kà á. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni òfin fúnni. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, ni yóò pé. Tó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ọmọ onílé lè kó maṣíìnì ìyá náà síta.

“Adájọ́ yìí ṣì í,” Ìjì ní. “Ó ṣeé jà. Màá kọ ọ́, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀. Kí Ìyá ṣáà fọwọ́ sí i.”

Mo jáde bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀.

Ọjọ́rú, 11

Òjò láti òwúrọ̀. Ìjì pè mí. “Mọ́mì, ó kọ̀. Ó ní Lọ́yà ti kọ tòun sílẹ̀, pé ká lọ wá a. Ó ní, ‘Ọkùnrin yẹn ń kú lọ, ó ṣì ń ro tèmi, ẹ wá fẹ́ kí n ju iṣẹ́ ẹ̀ nù, kí n gba ti ọmọ àná?’ Èmi lọmọ àná o.”

Ọjọ́ Ẹtì, 13

Ọjọ́ kejì rèé tí akọ̀wé ti ń wá ìwé tí kò sí. Ó ti tú gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù. Lónìí mo bá a lórí orúnkún, ó ń na rúlà sí abẹ́ àpótí irin, eruku bo irun rẹ̀.

“Ó wà níbì kan, Mà. Ọ̀gá kì í sọ pé nǹkan wà lọ́wọ́ òun kó má wà níbẹ̀.”

Mo bá a gbá eruku.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi gbé ohun tó kọ fún ọjọ́ ìrántí wá. Ojú ewé mẹ́rin. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ fún un. Ó gbọ́ ọ tán, ó ń fi gíláàsì ojú rẹ̀ ṣeré.

“Ìyàwó wa, kí ló wá ṣòro níbẹ̀? Jẹ́ kí ọmọ yẹn kọ ọ́. Kí o dà á kọ. Kí o ní òun ló sọ ọ́ fún ọ. Ṣé ọwọ́ rẹ kọ́ ni wọ́n fi kọ àwọn tó kù ni?”

“Bọ̀ọ̀dá, irọ́ ni.”

“Ṣọ́ọ̀bù á wà níbẹ̀. Orúkọ àbúrò mi ò ní bàjẹ́. Ìyá yẹn á sùn dáadáa. Ta ni irọ́ náà wá pa lára?”

Lẹ́yìn tó lọ, mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, mo mú bírò. Ìlà kìíní nira díẹ̀. Ìkejì rọrùn. Nígbà tí mo dé ìlà kẹta, ohùn rẹ̀ ni, bó ṣe máa ń fi “pẹ̀lú ọ̀wọ̀” bẹ̀rẹ̀ nígbà tí kò bá ní ọ̀wọ̀ kankan fún ẹni náà. Kò sẹ́ni tí ìbá mọ̀. Mo fa ìwé náà ya, mo sì fi omi rin ín kí n má bàa lè tò ó padà.

Ọjọ́ Àìkú, 15

Nígbà tí àwọn ọmọ wa kéré, Lọ́yà kì í fìyà jẹ ẹnikẹ́ni láì gbọ́ ẹjọ́. Yóò gbé àga sí àárín pálọ̀, yóò wọ aṣọ dúdú sórí píjámà, ẹni tó bá ṣẹ̀ yóò sì mú agbẹjọ́rò. Ọmọbìnrin wa jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án nígbà tó gba ẹjọ́ àbúrò rẹ̀ rò lórí rédíò tó fọ́. Ó fi hàn pé bàbá wọn fúnra rẹ̀ ló gbé rédíò náà sí etí tábìlì. Adájọ́ jẹ̀bi. Ó fọ abọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, ó sì ń ráhùn pé kò sí ibi tí òun lè gbé ẹjọ́ náà lọ.

Ọmọbìnrin yẹn ń kọ́ni ní ìṣirò báyìí. Ó wá lónìí, mo sọ fún un. Ó jẹ búrẹ́dì rẹ̀ tán kó tó sọ̀rọ̀.

“Ẹ jẹ̀bi, Mọ́mì.”

“Mo mọ̀.”

“Ẹ lọ sọ fún akọ̀wé lákọ̀ọ́kọ́. Àgbàlagbà ń rákò kiri.”

Ọjọ́ Ajé, 16

Mo sọ fún akọ̀wé. Ó gbé fáìlì aláwọ̀ ewé náà síwájú mi.

“Ẹ bá mi ṣà wọ́n.”

Mo yọ ẹyọ méje jáde, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì. Ó mọ̀ wọ́n lórí. Ó ń mi orí sí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ìkarùn-ún ó dá mi dúró.

“Èyí tó fi kí mi kú ìnáwó ìgbéyàwó ọmọ mi? Tó ní kí n má jẹ́ kí ọkọ ìyàwó rí owó oṣù mi?”

“Èmi ni.”

“Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú férémù nílé mi, Mà.”

Ó gbé omi kaná, ó po tíì fún àwa méjèèjì, ó fi ṣúgà púpọ̀ sí tèmi láì béèrè.

“Èmi náà mọ iye ọjọ́ tí òfin fúnni,” ó ní níkẹyìn. “Ó yẹ kí n bi Ìjì bóyá Ọ̀gá ti fi ìwé náà rán an. Mi ò fẹ́ kó dà bíi pé mò ń ṣọ́ ọ̀gá lọ́wọ́ lẹ́yìn.”

Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti kọ lẹ́tà sí àwọn mẹ́rin mìíràn tó gba irú èsì bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ò ní ka nǹkan kan lọ́jọ́ ìrántí mọ́.

Ọjọ́rú, 18

Ṣọ́ọ̀bù Ìyá Abẹ́rẹ́. Maṣíìnì mẹ́ta, tábìlì gígùn kan tí ẹfun aránṣọ ti sọ di funfun, aṣọ dúdú mọ́kànlá lórí okùn bí agbẹjọ́rò tí kò lórí. Rìsíìtì rẹ̀ wà lára ògiri nínú ọ̀rá.

“Ẹ jókòó, Ìyàwó Lọ́yà. Ẹ ti rí ìwé náà?”

“Kò sí ìwé kankan, Mà. Kò kọ ọ́.”

“Ó ní ó wà lọ́wọ́ òun.”

“Èmi ni mo sọ bẹ́ẹ̀. Ìdájọ́ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo kó o pamọ́ fún un. Ó kú láì mọ̀ pé ẹjọ́ dá yín lẹ́bi.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró lórí maṣíìnì.

“Lóṣù keje tí mo kí i, tó ní kí n má sunkún, pé omijé máa ń ba aṣọ dúdú jẹ́?”

“Èmi náà ni.”

“Ẹ̀yin.”

“Èmi ni, Mà.”

“Ìwọ.” Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ìwọ lò ń fi ẹnu ọkọ rẹ bá mi ṣàwàdà. Mo sì ń rò ó fún gbogbo òpópónà yìí. Mo ní ẹ wo ọkùnrin kan, ikú wà lọ́rùn ẹ̀, ó ṣì ń wá bó ṣe máa pa mí lẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ fún ọmọ onílé gan-an!”

“Ọjọ́ mẹ́jọ ló kù, Mà. Ìjì ti kọ ọ́ tán. Tí ẹ bá—”

“Dìde.”

“Ẹ jọ̀ọ́, torí ṣọ́ọ̀bù—”

“Mo ní dìde níbẹ̀ kí n tó gbàgbé pé opó ni ẹ́.”

Mo dìde. Nígbà tí mo délé ni mo rí i pé ẹfun ti ya ìlà gbọọrọ sí ẹ̀yìn yẹ̀rì mi. Mo gba gbogbo ọjà kọjá bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 20

Kò sí ìròyìn. Fáìlì mẹ́ta ló kù.

Ọjọ́ Àìkú, 22

Nínú ojú ewé mẹ́rin tí Ẹ̀gbọ́n kọ, gbólóhùn kan wà tí n kò lè kà: “Títí ó fi mí èémí ìkẹyìn, kò já oníbàárà kan kulẹ̀.” Mo fa igi lé e. Ó pè mí lórí fóònù, ohùn rẹ̀ ga débi pé mo ní láti gbé fóònù jìnnà sí etí. Ó ní ta ló ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé orúkọ ọkọ rẹ̀ kúrú. Mo ní orúkọ náà gùn tó láìsí gbólóhùn yẹn. Ó pa fóònù mọ́ mi létí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24

Kóòtù kún. Wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ dáadáa. Èyí tó wọ̀ mí lára jù ti ẹnu agbẹjọ́rò kan tó bá a jà fún ogún ọdún jáde. Ó ní ìyá òun kú láàárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, òun ò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. Lọ́yà wo ojú òun lẹ́ẹ̀kan, ó dìde, ó sọ fún adájọ́ pé eyín ń dun òun, kí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú. “Eyín rẹ̀ kò dùn ún rí,” ọkùnrin náà ní. “Òun ló ń jẹ eegun jù nínú gbogbo wa.”

Ó kàn mí. Mo ka ti Ẹ̀gbọ́n títí mo fi dé ibi tí mo fa igi sí. Mo sọ pé: “Ó ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, ohunkóhun tó jáde lórúkọ rẹ̀, èmi ni mo sọ ọ́. Ẹ má fi bú u. Ẹ má sì fi yìn ín.”

Ẹnì kan wúkọ́. Adájọ́ àgbà wo inú ìwé iwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wo òrùlé. Ìyá Abẹ́rẹ́ wà lórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn, ó di báàgì rẹ̀ mọ́ àyà. Nígbà tí a dìde fún ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ti lọ.

Ọjọ́rú, 25

Akọ̀wé lọ sí ṣọ́ọ̀bù náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó tì í.

Ọjọ́bọ̀, 26

Èmi àti Ìjì jókòó sí iwájú ọ́fíìsì ìgbàwé kóòtù láti aago mẹ́jọ àárọ̀. Wọ́n ń ti fèrèsé ní aago mẹ́ta. Bẹ́ǹṣì náà le, ooru mú, Ìjì sì ń yọ ìwé jáde kúrò nínú àpò, ó ń dá a padà.

Ó dé ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Irin tí aránṣọ ń fi sí orí ìka ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kí i. Ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì kejì, ó kọjú sí ògiri.

“Nínú àìsàn yẹn, ṣé ó dárúkọ mi rí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni” ì bá rọrùn láti sọ.

“Láti oṣù karùn-ún, rárá, Mà. Omi ló ń béèrè. Ó ń ní ká ṣí fèrèsé. Nígbà tó yá, kò dá èmi náà mọ̀.”

Ó yíjú sí mi. “Kò dá ìwọ mọ̀?”

“Ó ń pè mí ní nọ́ọ̀sì. Ó máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi gan-an.”

Ó ń yí irin náà lórí ìka rẹ̀. “Ṣáájú ìgbà yẹn ńkọ́?”

“Ṣáájú ìgbà yẹn, ó ń bú yín. Ó ní irú obìnrin wo ló lè wọn aṣọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gé e, tó wá ra odidi ṣọ́ọ̀bù láì wo rìsíìtì lẹ́ẹ̀kan.”

Èjìká rẹ̀ mì. Mo rò pé ẹkún ni, ẹ̀rín ni. “Lọ́yà nìyẹn,” ó ní. “Ìyẹn ni Lọ́yà.”

Ìjì na ìwé sí i. Kò gbà á. Ó na ìka onírin náà sí mi.

“Gbé e fún un. Kó kà á sí mi létí. Kó fi ẹnu ara ẹ̀ kà á.”

Mo kà á. Ìdí mẹ́ta ni Ìjì kọ, ojú ewé méjì. Ohùn mi há láti ìlà kìíní. Ní ìdí kejì, níbi tí ọ̀rọ̀ rìsíìtì wà, ó ní kí n tún un kà, mo tún un kà. Akọ̀wé kóòtù ti na ọwọ́ sí ìlẹ̀kùn fèrèsé rẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ kò kánjú. Ó gbọ́ ọ dé òpin, ó gba bírò, ó fọwọ́ sí i ní aago mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Ìjì sáré bí orúkọ rẹ̀. Mo gbọ́ ìró òǹtẹ̀ náà láti orí bẹ́ǹṣì, ẹ̀ẹ̀mejì.

Kò sẹ́ni tó mọ ohun tí àwọn adájọ́ yóò sọ. Ìjì ní ó lè tó ọdún kan. Ìyá Abẹ́rẹ́ ti gbé báàgì rẹ̀, ó ní aṣọ méjì ló yẹ kóun fi jíṣẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó rìn kọjá níwájú mi, ó dúró.

“Ohùn ẹ ò dára,” ó ní. “Ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ.”